Odán Inú Ìkòkò

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Adéòtí máa ń wí fún Láníyọnu ọkọ rẹ̀, bó ti ń fi òwú fa ẹ̀ka odán kékeré inú ìkòkò rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè jọ odán àgbà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ikú ò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀, Láníyọnu ní igi ìyàwó òun gbọ́dọ̀ pé kí àlejò tó dé. Ó mú wáyà, ó fi agbára tẹ ẹ̀ka náà. Pàú! Ẹ̀ka kán, oje funfun ń ro sí i lọ́wọ́.

"Adéòtí, má bínú sí mi."

Ó wá òwú ìyàwó rẹ̀ jáde, ó fẹ́ fi di ojú ọgbẹ́ náà. Ojú rẹ̀ ni obìnrin náà ti ń so ó fún ọdún mẹ́sàn-án, àmọ́ kò bi í léèrè rí bí wọ́n ṣe ń so ó.