Ohun Tí Tẹ̀tẹ̀ Àgbà Fi Pamọ́ Sábíyá

Nígbà láéláé, nígbà tí ewébẹ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, tẹ̀tẹ̀ kò ní ẹ̀gún kankan lára. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni wọ́n, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Tẹ̀tẹ̀ Àgbà ni ẹ̀gbọ́n, Tẹ̀tẹ̀ Kékeré ni àbúrò.

Lọ́dún kan, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Àwẹ̀ró, ìyá tó ni wọ́n, gbé ọkọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó ro ilẹ̀, ó da eérú àti imí ewúrẹ́ mọ́ ọn, ó sì kọ ebè méjì. Ẹ rántí pé hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àwẹ̀ró fi pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù jọ sójú kan. Ó fọ́n ti ẹ̀gbọ́n sórí ebè kan, ó fọ́n ti àbúrò sórí èkejì.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, ó wá já ewé tí yóò fi sebẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ nawọ́ sí.

“Ẹ má já mi, Ìyá,” ni Tẹ̀tẹ̀ Àgbà wí. “Ẹ jẹ́ kí n ga ná.”

“Ẹ já tèmi,” ni Tẹ̀tẹ̀ Kékeré wí.

Ibi tí a bá ti já tẹ̀tẹ̀ lórí, ẹ̀ka méjì ló máa ń yọ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò fi kún ebè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ bí Àwẹ̀ró ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

“Ẹ wo bó ṣe ń tan ara kálẹ̀,” ló ń kùn. “Ọmọ tí mo ti yọ nílẹ̀ kó tó yọ.”

Nígbà tí òjò fẹ́ dá, Àwẹ̀ró ní, “Lọ́la ni n óò gba hóró tí n óò gbìn lámọ́dún.”

Ẹni tí wọn kò bá gba hóró rẹ̀ kò ní í ní ebè mọ́. Ó dá Tẹ̀tẹ̀ Àgbà lójú pé àbúrò òun ni wọn yóò mú.

Ní òwúrọ̀, ó lọ bá igi Ọsàn Wẹ́wẹ́. “Ẹ fún mi ní ẹ̀gún díẹ̀. Mo fẹ́ fi lé ewúrẹ́ ni.”

Ọsàn Wẹ́wẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀. “Ewúrẹ́ wo ló dà ọ́ láàmú tó báyìí? Gbà. Má fún un mọ́ra o. Bó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́.”

Ohun tó wà lọ́kàn Tẹ̀tẹ̀ Àgbà ni pé òun yóò fi ẹ̀gún náà sáàárín ewé àbúrò òun, kó gún Àwẹ̀ró lọ́wọ́, kó má baà gba hóró àbúrò náà. Ó fi í pamọ́ sábíyá méjèèjì, ó padà sílé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀,” ni àbúrò kí i. “Ṣé apá ń dùn yín ni?”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

Kó tó ráyè yọ ẹ̀gún náà, Àwẹ̀ró dé. Ẹ̀rù ba Tẹ̀tẹ̀ Àgbà, ó fún apá mọ́ra. Ẹ̀gún wọlé.

Igbá kékeré méjì ló wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. “Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti àbúrò rẹ,” ló wí. “Tìrẹ, ìwọ tó o jẹ́ àgbà, ni n óò kọ́kọ́ gbà. Gbé apá sókè kí n gba hóró abíyá rẹ.”

“Ìyá, ẹ kọ́kọ́ gba ti àbúrò mi.”

Kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. “Ojú ń tì ọ́ ni?” Ó ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀. Ẹ̀gún gún un lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ.

“Ta lo tọ́jú ẹ̀gún yìí dè?”

Ojú Tẹ̀tẹ̀ Àgbà yà sí ebè àbúrò rẹ̀, Àwẹ̀ró sì rí i. Ó fà á tu, ó sọ ọ́ sí ààtàn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gún ti wà ní abíyá tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, níbi tí ewé ti so mọ́ igi rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń hù lórí ààtàn. Lọ́dọọdún, bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, yóò hù wá sórí ebè tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí, yóò dúró ti àbúrò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tu koríko nínú ọgbà ẹ̀fọ́, ẹ wo abíyá rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Igbá kejì, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, ṣì wà lórí àjà Àwẹ̀ró. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.