Aago Odò Aṣàn àti Àlejò Láti Kétu

Ọlátẹ̀jú ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú kí aago odò Aṣàn bára mu. Odò náà gùn. Orí òkè Ìgbó-Ẹ̀tù ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ oko àti abúlé kọjá kó tó dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀sọ̀, níbi tí àwọn apẹja ń gbé. Àjọ Aṣọ́dò, níbi tí Ọlátẹ̀jú ti ń ṣiṣẹ́, ri òpó irin mọ́ etí rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn bí omi ṣe ga tó, kó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú àkókò tó wọ̀n ọ́n. Bí omi bá kún lókè, wọn á wo ìgbà tó kún níbẹ̀ àti ìgbà tó kún ní agbedeméjì. Ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń yára bọ̀, kí wọ́n tó kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n aago kọ̀ǹpútà a máa sáré, a sì máa fà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ti ara ògiri. Bí aago òpó kan bá ń sọ tirẹ̀, tí ìkejì ń sọ tirẹ̀, ìṣirò ti dàrú nìyẹn. Ètò Ọlátẹ̀jú ló máa ń bi àwọn aago ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì léèrè pé kí ni aago wí, tí á sì rọra tún ti àwọn òpó ṣe.

Ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ Ọlátẹ̀jú nìkan ló mọ inú rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Ibi tó ti ń bi aago léèrè wọnú ibi tó ti ń tún aago ṣe, orúkọ tó sì sọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ kò yé ẹlòmíràn. Ó pe apá kan ní Ẹ̀gbọ́n Rámọ́tù, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jẹ́ Rámọ́tù wá kí i ló kọ ọ́.

Nígbà tí Mopélọ́lá, ẹnjiníà obìnrin kan, dara pọ̀ mọ́ wọn, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi sú u.

"Bàbá, níbo ni ètò yìí ti ń pinnu aago tó máa gbà gbọ́?"

"Wo ìsàlẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Rámọ́tù."

"Mo ti wò ó, sà. Ibi tó ti ń kọ ìròyìn ni mo bá níbẹ̀."

"Tún lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Mopélọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ tò ó. Ọlátẹ̀jú kọ̀ jálẹ̀. "Ohun tó ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ṣé ó ti já yín kulẹ̀ rí?" Òótọ́ kan sì wà tí kò sọ síta: ó dùn mọ́ ọn nínú pé bí nǹkan bá bàjẹ́, tí gbogbo ọ́fíìsì káwọ́ gbera, òun ni wọ́n máa ń wá. Bó bá wọlé báyìí, ara á tù wọ́n. "Ọ̀gá ti dé!"

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí Tinúadé ọmọ rẹ̀ ń sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Oyin àti iyọ̀ ti wà lórí tábìlì, àwọn ẹbí ti jókòó, ni fóònù Ọlátẹ̀jú bá dún. Aago òpó kan ti dúró. Ó jáde lọ sínú ọkọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Nígbà tó fi máa padà wọlé, wọ́n ti ń bu oúnjẹ.

"Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi ni mo bá yín pe orúkọ tí ẹ mú wá."

"Nǹkan kékeré ló bàjẹ́. Ẹlòmíràn ìbá ti bá mi ṣe é."

"Ta ni ẹlòmíràn náà, Bàbá Tinú?"

Ọlátẹ̀jú na ọwọ́ láti gba ọmọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Ó ti sùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Mopélọ́lá nídìí iṣẹ́. "Gbé àga rẹ súnmọ́ mi," ó wí. "Jẹ́ ká tò ó."

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Wọ́n tú fáìlì gígùn náà sí fódà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó ń bi àwọn aago ńlá léèrè wọnú Ìbéèrè. Ohun tó ń pinnu èyí tó yẹ kí a gbà gbọ́ wọnú Ìdájọ́. Ohun tó ń yí aago òpó gan-an wọnú Àtúnṣe, ohun tí wọ́n sì fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò wọnú Ìdánwò. Wọ́n kọ àlàyé ṣókí ṣáájú fódà kọ̀ọ̀kan. Nígbà míì Ọlátẹ̀jú á bínú dìde. Nígbà míì á bá ohun kan náà tó ti kọ síbi mẹ́ta láìmọ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Orí Ẹ̀gbọ́n Rámọ́tù ni wọ́n ti jà jù, kó tó gbà pé kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n parí, Mopélọ́lá ní kí wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ta ló fẹ́ wá wò ó?" Ọlátẹ̀jú béèrè. Ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí àsìkò òjò dé, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Ọlátẹ̀jú ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fi báńdéèjì dì í lójú, wọ́n ní kó má kàwé, kó má wo kọ̀ǹpútà. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìgbó-Ẹ̀tù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọ̀sán, ìròyìn tó ń ti odò wá dojú rú. Òpó òkè ń sọ pé ẹ̀yìn ìgbà tí omi kún ní agbedeméjì ló tó kún lọ́dọ̀ òun, bí ẹni pé odò ń ṣàn gun òkè. Mopélọ́lá rò pé omi ti wọnú òpó. Ó ń yẹ òpó kan wò tẹ̀lé òmíràn láti ọ́fíìsì, kò rí àṣìṣe kankan. Baálẹ̀ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sọ̀ pè é.

"Ọmọ mi, ṣé ká máa lọ sórí òkè ni, àbí ká dúró? Ẹ kìlọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan, a sùn sínú òjò lórí òkè, omi kò dé. Bí ẹ kò bá sọ ìgbà tó máa dé fún mi, àwọn èèyàn mi kò ní gbọ́."

"Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo máa pè yín."

Ó tún padà sórí ìròyìn àwọn òpó. Ibẹ̀ ló wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìdòwú ni, olùkọ́ ìṣirò ní Kétu, tó ti mú ètò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó sì ń lò ó fún odò tiwọn. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kan nínú àwọn aago ńlá ń parọ́ lónìí, ó fi wákàtí kan sáré ṣáájú àwọn yòókù. Ìdájọ́ yín ń jẹ́ kí òpó kọ̀ọ̀kan gba aago tó bá sún mọ́ ọn jù gbọ́ láìbi òmíràn. Mo ti tún un ṣe kó máa bi púpọ̀ nínú wọn, kó sì yọ èyí tó bá yapa kúrò. Mo lo Ìdánwò yín, ó yege."

Mopélọ́lá pe Ọlátẹ̀jú lórí fóònù, ó sì sọ ohun tí Ìdòwú kọ fún un.

"Ta ni obìnrin náà?" Ọlátẹ̀jú béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà."

Ó tẹ fóònù mọ́ etí. "Ka ohun tó yí padà sí mi létí."

Mopélọ́lá ń kà á, ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó ń mi orí. "Ó ti bi púpọ̀ nínú wọn. Ó to èsì wọn. Ó yọ èyí tó ń dá rìn. Mopé, ṣé ó fọwọ́ kan Àtúnṣe?"

"Rárá, sà. Fáìlì kan péré ló yí padà, inú Ìdájọ́ ló sì wà."

"Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìwọ náà tún dán an wò, kí o sì fi í ránṣẹ́ sáwọn òpó."

Kò pẹ́, aago àwọn òpó bẹ̀rẹ̀ sí í bára mu. Odò Aṣàn tún ń ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Mopélọ́lá ṣírò, ó sì pe Baálẹ̀. "Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó máa dé kí oòrùn tó wọ̀."

Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀sọ̀ kó ọmọ, wọ́n kó arúgbó, wọ́n da ewúrẹ́ gun òkè. Omi dé lóòótọ́. Ó wó ahéré tí wọ́n fi ń yan ẹja, ó gbé ọkọ̀ ojú omi lọ, ṣùgbọ́n kò bá ẹnì kankan nílé.

Nígbà tí ojú Ọlátẹ̀jú san, òun àti Mopélọ́lá lọ bá àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀sọ̀ tún ahéré kọ́, Ìdòwú náà sì gun ọkọ̀ wá láti Kétu. Ọlátẹ̀jú di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbúrò mi, èmi tí mo kọ ọ́, mo máa ń ṣìnà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báwo lẹ ṣe tètè rí ibẹ̀?"

Ìdòwú rẹ́rìn-ín. "Mi ò wá a rárá, ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe rí Ìdájọ́, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ká ní ẹ ṣì dà á pọ̀ ni, ǹ bá kàn sunkún tì í."

Ọlátẹ̀jú yíjú sí Mopélọ́lá. "Mo jà ọ́ níyàn," ó wí. "O kú sùúrù." Mopélọ́lá wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Baálẹ̀, tó ń di igi mú fún àwọn tó ń so okùn, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri létí omi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló di òwe tí àwọn àgbà etí odò Aṣàn ń pa títí di òní pé: ilé tó létò ni àlejò ń bá onílé tún ṣe, èyí tó rí wúruwùru, orí onílé nìkan ló ń wó lé.