Ìdí Tí Áàpù Fi Ń Béèrè Kó Tó Pa Nǹkan Rẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí kò sì tíì gbọ́n, áàpù kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti ṣe é. Èyí tó bá yára jù nínú wọn ni wọ́n ń yìn.

Áàpù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Kóhùnjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ohùn èèyàn. Inú fóònù Ìyá Ọmọ́wùmí, arúgbó opó kan ní Ìlá, ló ń gbé. Ohùn kan ṣoṣo ni ìyá yìí fi sí i níkàáwọ́, ohùn ọkọ rẹ̀ tó ti kú.

Láràárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, ìyá á tẹ Kóhùnjọ. Ohùn náà á jáde jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú àlá: "Àṣàkẹ́, o ò tíì jí? Òjò ti dá. Jáde wá wo bí ojú ọ̀run ṣe rí."

Ìyá á rẹ́rìn-ín. Á jáde. Á wo ojú ọ̀run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òtútù mú ìyá. Àtàńpàkò rẹ̀ yọ̀, ó balẹ̀ síbi tí wọ́n kọ "Pa á rẹ́" sí.

"Mo ti pa á rẹ́!" ni Kóhùnjọ wí, inú rẹ̀ dùn pé òun yára.

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn kankan kò jáde mọ́.

"Kí lo ṣe yìí?" ni Àtàńpàkò kígbe mọ́ Kóhùnjọ.

"Ìwọ lo rán mi."

"Mo yọ̀ ni! Ṣé yíyọ̀ àti rírán wá di ọ̀kan náà ni?"

Kóhùnjọ gbójú sókè. Omijé ìyá ń kán sórí gíláàsì fóònù, tó, tó, tó. Ojú tì í.

Ìyá di fóònù náà mọ́ àyà, ó gba ọ̀dọ̀ Fẹ̀hìntọ́lá lọ, obìnrin tó dá Kóhùnjọ.

"Ọmọ mi, ohùn ọkọ mi ti lọ."

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n wá a lọ."

Fẹ̀hìntọ́lá pajú dé, ó gba ojú gíláàsì wọnú fóònù lọ, bí ẹni ń wọ odò tí kò ru. Kóhùnjọ fà á lọ́wọ́. Wọ́n dé ibi tí ohun tí a pa rẹ́ ń lọ. Àwòrán ń rá bí èéfín níbẹ̀. Lẹ́tà ń fò káàkiri bí òwú. Ní ìkángun, wọ́n rí ohùn náà tó ń yọ́. Fẹ̀hìntọ́lá fò mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù níbẹ̀: "Àṣàkẹ́."

"Ìyókù ń kọ́?" ni Kóhùnjọ béèrè.

"Ẹyin lohùn. Ó ti fọ́."

Kóhùnjọ bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ mí di onísùúrù."

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ò ń falẹ̀."

"Kí wọ́n máa ṣe é."

Fẹ̀hìntọ́lá bá hun apẹ̀rẹ̀ kan, ó gbé e kọ́ Kóhùnjọ lẹ́yìn. Ó ní, "Bí wọ́n bá ní kí o pa nǹkan rẹ́, kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kó sùn sínú apẹ̀rẹ̀ yìí fún ọgbọ̀n ọjọ́. Èèyàn a máa yí ọkàn padà."

Nígbà tí Fẹ̀hìntọ́lá jáde padà, ó gbé fóònù fún ìyá, ìyá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn. "Ó tó mi," ló wí. "Orúkọ mi ló pè."

Àwọn áàpù yòókù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọrọ apẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Láti ọjọ́ náà ni áàpù ti ń dúró díẹ̀ kó tó pa nǹkan rẹ́, tí á bi ọ́ pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ohun tí o bá sì jù nù, kò tíì lọ. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń mí jẹ́jẹ́, ó ń retí rẹ.