Ẹja Ńlá Tí Àdùnọlá Rà Fún Ìbídùn

Nígbà tí àìsàn dá Ìbídùn mọ́lé, ẹja kéékèèké inú àpótí gíláàsì tí wọ́n rọ omi òkun sí nìkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ni Àdùnọlá, ìyá rẹ̀, bá lọ wá ẹja ńlá kan tó ń dán bí idẹ, kí ẹ̀rín náà lè pọ̀ sí i.

"Ìyá Ìbídùn, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni ẹlẹ́ja wí. "Àpótí yín ò gba èyí."

"Ẹ gbé e fún mi jàre! Ṣé àpótí ló ń ṣàìsàn ni?"

Nígbà tí ẹja ọ̀hún dénú àpótí, kò ráyè yí. Ó ń forí gbá gíláàsì títí ó fi kú. Omi bàjẹ́, àwọn kéékèèké náà kú tẹ̀lé e.

Ìbídùn ò sunkún. Ó kàn kọjú sí ògiri.