Ìpàkọ́ Alága Ìdóró

Bí ọ̀bẹ mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ ò gbà? Ẹ lọ bi Fáníyì.

Ẹ̀yà méjì ló ń gbé ìlú Ìdóró, ará Òkè àti ará Odò. Nígbà tí Fáníyì, ọmọ Òkè, wọlé ìbò alága, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe igbákejì, ó fi àna rẹ̀ ṣe akọ̀wé.

Ará Odò ní, “Àwa ńkọ́?”

Ó ní, “Ṣé ẹ pọ̀ tó wa ni?”

Ọjọ́ ìwúyè wá kò. Alága gbọ́dọ̀ fárí kodoro kó tó jókòó sórí àga, èèwọ̀ sì ni fún ará Òkè láti fi abẹ kan orí ará Òkè ẹgbẹ́ rẹ̀. Ará Odò ló máa ń fá wọn lórí. Fáníyì ránṣẹ́ sí bàbá onígbàjámọ̀. Abẹ nìkan ni bàbá fi ránṣẹ́ padà: “Ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kó èyí mọ́ ọn.”

Fáníyì fi ìbínú fárí ara rẹ̀. Iwájú ń dán, àmọ́ ìpàkọ́ rí bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kù. Bó ṣe yọ síta, ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ń fi ìborùn nu omi ẹ̀rín lójú.

Ló bá sáré tọ bàbá lọ. Bàbá gba abẹ, ó ní, “Iwájú tí ẹ fá, tiyín ni. Ta ni igbákejì tó ni ẹ̀yìn?”

“Ẹ̀yin ará Odò ni, bàbá! Ẹ ṣáà fá a!”

Ẹ̀gbọ́n alága ló gbé abọ́ omi ọṣẹ dání títí wọ́n fi fá a tán.