Omi Amọ̀ Ìyá Ògúnníyì

Ìyá Ògúnníyì, àgbà aládùúgbò wa, ń wọ àgbàlá wa bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi amọ̀ lórí. Ẹ̀rọ kò tí ì dé abúlé wa nígbà náà. Òkúta la fi ń pa ekùrọ́, ariwo rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwẹ̀ró, ìyàwó tuntun ilé wa, ń ṣa ekùrọ́ kúrò nínú èèpo, ìka rẹ̀ ti bó. Ó ti dà wọ́n sínú omi tó mọ́, gbogbo rẹ̀ rì pọ̀. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ ọmọ ìyálé rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ rí àdín tí wọn yóò fi pa ọmọ lára kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ìyá, ṣé omi tí ẹlẹ́dẹ̀ fi wẹ̀ lẹ gbé wá yìí?"

"Rọra, ìyàwó. Omi tó dọ̀tí náà ṣe é pa iná."

Ìyá Ògúnníyì da ekùrọ́ àti èèpo pọ̀ sínú omi amọ̀, ó rò ó. Èèpo rì, ekùrọ́ léfòó.

"Amọ̀ ló mú omi yìí wúwo. Igbá kan rẹ̀ wúwo ju igbá ekùrọ́ kan lọ, ló fi gbé e. Àmọ́ kò wúwo tó èèpo."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá mi." Ó fi ajọ̀ kó ekùrọ́, ó ṣàn án, ó sáré gbé e kaná.

Nígbà tí òórùn àdín gba àgbàlá, ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Ìyá Ògúnníyì fa òórùn náà símú, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.