Oníkẹ̀kẹ́ Tí Kò Jókòó

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn ju ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá ń gun òkè, àwọn ọ̀dọ́ a máa mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, aago kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní agogo méjì ni a ó gbéra, agogo méjì náà ni. Èmi kò bá a wí nítorí ìyẹn. Ẹni tí yóò kó ogún ènìyàn la ọ̀nà já gbọ́dọ̀ mọ ohun tí aago ń wí.

Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ náà fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlọrin lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣètò pé àwọn yóò yà ní ìlú àtijọ́ kan lójú ọ̀nà, kí wọ́n wo odi amọ̀ tí àwọn ará ìgbàanì mọ, kí wọ́n sì wo ààfin. Nígbà tí ìyá ọkùnrin yìí gbọ́ orúkọ ìlú náà, ó dìde jókòó lórí ibùsùn. Ìlú náà ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú tí wọ́n sì mú un kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbọ́ oríkì ilé rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó wí fún ọmọ rẹ̀ pé, "Yà ní agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Ní kí wọ́n fún ọ ní oríkì wa. 'Ọmọ ẹwìrì ò sùn' ni mo rántí, ìyókù ti lọ. Mi ò fẹ́ kú láìgbọ́ ọ."

"Ìyẹn ò le rárá, Màmá," ni ọmọ dá a lóhùn.

Ọ̀sán ni wọ́n dé ìlú náà. Olórí fún ẹgbẹ́ ní wákàtí kan. Wọ́n fọwọ́ kan odi, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n wo àwọn òpó gbígbẹ́ tó wà láàfin. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin náà sáré yà sí agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó bá ìyá arúgbó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ilé náà délẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí akoto lórí, ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tán tó ti dìde. Ó sọ ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àti ohun tó bá wá.

Inú ìyá arúgbó dùn. Ó nawọ́ sí àpótí kan. "Jókòó, ọmọ mi. Wọ́n á bu omi wá."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Àwọn èèyàn ń dúró dè mí ni. Ẹ bá mi sọ ọ́ sínú fóònù yìí, kí màmá mi lè gbọ́ ọ nílé."

Ìyá arúgbó wo àpótí, ó wo ọkùnrin náà. "Ó dáa," ni ó wí.

Ọkùnrin náà tẹ fóònù, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó sì jáde lọ fọn fèrè fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ó padà wọlé, ìyá arúgbó ti sọ̀rọ̀ tán. Ó gba fóònù, ó dúpẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́. Agogo méjì géérégé ni wọ́n gbéra. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n dé Abẹ́òkúta, gbogbo ẹgbẹ́ sì yìn ín.

Ó délé, ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ, ó gbé fóònù sétí ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọdẹ tó gbé ẹtu wálé. Ohùn ìyá arúgbó jáde:

"Ìyá ọmọ yìí, mo kí ọ o. Ọmọ rẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n kò jókòó, kò sì mu omi wa. Ojú ẹni ni mo máa ń wò kí n tó mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ní kó padà wá."

Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bínú, ó kàn bi í léèrè pé, "O ò jókòó?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà lọ, òun nìkan. Ó jókòó, ó mu omi, ó jẹ iṣu sísun. Ìyá arúgbó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó béèrè orúkọ baba, ó béèrè orúkọ ìyá, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ọjọ́ kan kò tó, ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Nígbà tí ó délé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ki ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ó sì ń ṣìnà. Kò tíì dé ìdajì tí ìyá fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, tó ń bá a lọ fúnra rẹ̀, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ yíyá kò burú. Ẹni tó bá ní ó burú, ìlara ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ àgbà, ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń gbé e fún.

Ìwọ náà, ọmọ mi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ. Ọdún kan gbáko lo fi jìnnà sílé. O gbé ìrẹsì wá, o gbé aṣọ wá, o ṣeun. Baba rẹ ti gbọ́ ohùn rẹ, ó wà nínú yàrá, ó ń wá fìlà tí yóò dé jáde sí ọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọkọ̀ rẹ níta, o kò pa á.

Lọ pa á, kí o wá jókòó.